Ọmọ Alágbàfọ̀ Tó Ń Ka Aṣọ

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọbìnrin tó tinrín ni, apá gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, nígbà tí yóò sì fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìnagijẹ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé ìyá tó bí i pàápàá ń fi pè é. Alágbàfọ̀ ni ìyá náà. Ilé ìfọṣọ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, níbi tí òpópónà ti yà sọ́nà ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn fúnra wọn sì ń gbé nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó lè lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kó wá sùn sílé fún ọjọ́ méjì, kó tún lọ.

Ẹni tó bá wọ ilé ìfọṣọ náà, ooru àti òórùn ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni alágbàfọ̀ yóò gbójú sókè. Tábìlì gígùn kan ló gba ìdajì yàrá iwájú. Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò ó, áyọ́ọ̀nù sì ti jó o níbi mẹ́rin. Nínú yàrá ìfọṣọ lẹ́yìn ni ẹ̀rọ wà, tó máa ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú tó bá ti fẹ́ parí iṣẹ́. Aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àkísà funfun kékeré tí wọ́n fi pínnì há mọ́ ọn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, nítorí alágbàfọ̀ tó bá gbé ṣòkòtò ọkọ ẹlòmíràn fún obìnrin, àlàyé rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Abẹ́ tábìlì yẹn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti Ẹlẹ́rìn-ín ti di ọ̀rẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ni àbíkẹ́yìn akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gbé ní àjà kejì. Ẹ̀rín ọmọ náà kì í mọ níwọ̀n. Tó bá bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń kọjá lójú pópó á yíjú wo ibi tó ti ń wá. Ìyá rẹ̀ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kì í sì í dé títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni ọmọ máa ń dúró sí. Wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì lábẹ́ tábìlì, wọ́n jọ ń sùn níbẹ̀, bí ọ̀kan bá húkọ́ lónìí, èkejì á húkọ́ lọ́la. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, èkejì ń bọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí alágbàfọ̀ fún wọn ni kí wọ́n máa tú àpò aṣọ kí ó tó kó o sómi. Ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á jù ú sínú agolo, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà aṣọ náà sí i lára. Inú iṣẹ́ yìí ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣọ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè tó ní, “Ọwọ́ òsì ni ẹni yìí fi ń kọ̀wé. Wo ibi tí tàdáwà wà.” Ẹlẹ́rìn-ín wò ó, òótọ́ ni. Láti ìgbà yẹn ló ti di eré wọn. Wọ́n rí ṣòkòtò kan tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, tí simẹ́ńtì sì wà nínú ìṣẹ́po rẹ̀; Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ẹni tó ń tẹ́ táìlì ni, nígbà tí ọkùnrin náà sì wá gba ẹrù rẹ̀, ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n rí aṣọ obìnrin kan tí irun ológbò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ tí kò sí ẹyọ kan lókè orúnkún. “Ó ní ológbò,” ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, “àmọ́ kì í gbé e. Ológbò náà ló ń fara nù ún lẹ́sẹ̀.” Ẹ̀rín tí Ẹlẹ́rìn-ín rín lọ́jọ́ yẹn mú kí alágbàfọ̀ fi omi wọ́n ibi tí kò yẹ.

Kò sẹ́ni tó kọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ojú rẹ̀ kàn ń lọ síbi tí ojú ẹlòmíràn kì í lọ ni. Òun ló sì wá ń kọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, tí yóò ní, “Má wo àwọ̀ rẹ̀. Ibi tó ti gbó ni kó o wò.”

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́, àwọn ọmọdé a sì máa mi orí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbà pé òun ló ń bá wí nínú wọn. Ọdún tí àwọn méjèèjì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n wọ ilé-ìwé girama, ilé-ìwé ńlá tó wà lẹ́yìn afárá, níbi tí àwọn ọmọ ti wá láti àdúgbò tí wọn kò dé rí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n jọ jókòó. Ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí gíga wọn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ́ sẹ́yìn, Ẹlẹ́rìn-ín bọ́ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ọmọ oníkẹ́míìsì.

Ọmọ oníkẹ́míìsì yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́ kí àwọn yòókù lè máa bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin méjì mìíràn ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí oṣù kìíní yóò fi parí, Ẹlẹ́rìn-ín ti di ìkẹrin wọn. Ó ń bá wọn rìn dé ìdí afárá kó tó yà sílé. Nígbà tí oníbàárà kan kó kóòtù alápò mọ́kànlá wá, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré gun àtẹ̀gùn lọ kan ilẹ̀kùn.

“Sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Àpò mọ́kànlá. Ọ̀kan wà nínú òmíràn.”

Ẹlẹ́rìn-ín dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń di irun rẹ̀ ní ọ̀nà tuntun kan. “Mò ń ṣe nǹkan.”

“Kò ní pẹ́.”

“Pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo ti dàgbà ju abẹ́ tábìlì lọ.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé bàtà òun kò gba òun mọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì pinnu pé òun náà yóò dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ láàárọ̀ bóyá òórùn ọṣẹ ìfọṣọ pọ̀ jù lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, ó ní ìyá òun ní ilé iṣẹ́, ó sì yára bu búrẹ́dì sẹ́nu kí wọ́n má baà bi í irú iṣẹ́ tó jẹ́. Tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn tiwọn díẹ̀, bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìpàdé. Nílé, ó ní òun ní iṣẹ́ àṣetiléwá, alágbàfọ̀ sì ń tú àpò aṣọ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Wọn kò lé e, wọn kò sì pè é.

Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣílẹ̀kùn fún un, ká sòótọ́, àánú ló sì fi ṣe é. Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán kan, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì, Ẹlẹ́rìn-ín sì ní, “Ẹ ò mọ̀ pé ó lè ka aṣọ? Ẹ jẹ́ kó ka tiyín.”

Ọmọ oníkẹ́míìsì yíjú sí i. “Ka tèmi.”

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó. “Iwájú lo máa ń jókòó nínú ọkọ̀ bàbá rẹ. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ti ń pa èjìká rẹ kan dán, èkejì ò dán. O ò fẹ́ràn ẹyin sísè. O máa ń fi bébà wé e, o á sì kì í bọ àpò; ẹ̀rún pupa inú rẹ̀ ló wà létí àpò rẹ yẹn.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọmọ oníkẹ́míìsì náà rẹ́rìn-ín, ó sì sún fún un kó jókòó dáadáa. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ka ti àwọn méjì yòókù. Ó tọ̀nà ní gbogbo rẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ó ṣe tán, ta ni ara rẹ̀ kì í yá? Ìgbà yẹn ni ọmọ kan láti kíláàsì wọn ń kọjá lọ síbi omi, ọmọ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀ kì í kọjá bẹ́ńṣì tirẹ̀.

“Ka ti Jẹ́jẹ́,” ni ọmọ oníkẹ́míìsì wí.

Ó kà á. “Kì í ṣe òun ni wọ́n rán an fún. Ẹni méjì ti wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti tú ìṣẹ́tí rẹ̀ nígbà méjì, ẹ wo ìlà méjèèjì níbẹ̀. Kọ́là yẹn ti gbó, ni wọ́n bá tú u, wọ́n yí i padà, wọ́n tún un rán. Inú rẹ̀ ló di ìta báyìí. Iṣẹ́ tó dáa ni o, ẹni tó rán an mọ̀ ọ́n rán.”

Kò sí ẹni tó gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ti dúró. Kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ kan lé kọ́là rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀ títí ó fi mu omi rẹ̀ tán, ó sì bá ọ̀nà mìíràn padà. Kí ìsinmi ọ̀sán tó parí, ó ti ní orúkọ mìíràn. Yí-i-padà ni wọ́n ń pè é.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbádùn ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò yẹ ká fi irọ́ gbè é. Wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ńṣì, wọ́n bá a rìn dé ìdí afárá, Ẹlẹ́rìn-ín sì di apá rẹ̀ mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé nígbà tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́rú, tó kan kí ó fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ó sì lọ ká ìbọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, oòrùn mú. Àwọn ọmọ ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Jẹ́jẹ́ wọlé pẹ̀lú súwẹ́tà onírun, ó ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, òógùn sì ń sun ní iwájú orí rẹ̀. Tíṣà ní kó bọ́ ọ. Ó ní òtútù ń mú òun. Tíṣà wò ó, ó wo fèrèsé, ó sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sí, ẹ̀yìn ọrùn Jẹ́jẹ́ ló sì ń wò fún wákàtí mẹ́rin. Ojú tó ń rí ibi tí aṣọ ti gbó, kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí súwẹ́tà.

Tíṣà yìí ni tíṣà ìṣirò. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, àmọ́ kì í fúnni ní máàkì tí kò tọ́ síni. Oníbàárà alágbàfọ̀ ni pẹ̀lú. Gbogbo Sátidé ló máa ń kó ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún wá. Láti ọdún mélòó kan, inú àpò ìrọ̀rí ni ó máa ń kó o sí, wọ́n ká a dáadáa, bọ́tìnnì tó bá já sì ti ní àrọ́pò, tí wọ́n fi òwú funfun rán tín-ín-rín. Nínú ọlidé tó kọjá, ó kó o wá nínú ọ̀rá, wọ́n rún un pọ̀ bí ewé gbígbẹ, bọ́tìnnì mẹ́ta sì wà tí wọ́n fi òwú dúdú rán, òwú tó nípọn, tó dì wọ́n bí okùn ṣe ń di ìdí igi. Ẹlẹ́rìn-ín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó bi Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé kí ló dé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, “Ó jọ pé òun nìkan ló ń gbé báyìí.” Ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ súwẹ́tà, tíṣà dá ìwé ìdánwò padà. Òdo ni ọmọ oníkẹ́míìsì gbà. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó yíjú sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

“Ìyá rẹ ló ń fọ aṣọ ọkùnrin yẹn, àbí? Kí ni aṣọ rẹ̀ sọ?”

“Ó sọ pé òun dọ̀tí. A sì fọ̀ ọ́.”

Àwọn méjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọ oníkẹ́míìsì kò rẹ́rìn-ín. “Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ gidi.”

“Mi ò ní sọ ọ́.”

“Torí kí ni? Ṣebí o sọ ti Yí-i-padà.”

“Kò yẹ kí n sọ tiyẹn náà.” Ó sì fi kún un, “Jẹ́jẹ́ lorúkọ rẹ̀.”

Àwọn mẹ́ta ń wò ó. Ẹlẹ́rìn-ín ń wo ilẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó búrẹ́dì rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ jókòó sí orí òkúta tó wà lẹ́bàá ògiri, níbi tí kò sẹ́nì kankan. Ìrìn ìṣísẹ̀ ogún ni. Ó gbé búrẹ́dì lé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, wọ́n dé kíláàsì, wọ́n bá àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì ńlá kan lójú pátákó, tí wọ́n ya bọ́tìnnì dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ mẹ́ta sí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÌYÀWÓ TI KÓ JÁDE. Tíṣà wọlé. Ó dúró, ó kà á, ó mú àkísà, ó nu ún kúrò fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ó fo ìlà kan nínú ìṣirò àkọ́kọ́, ohun tí kò ṣe rí, kò sì sí ọmọ kankan tó nawọ́ láti sọ fún un.

Sátidé dé, kò kó aṣọ wá. Sátidé kejì náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́sàn-án Sátidé kẹta, alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ ìbora, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

“Tíṣà yín ti rí ibòmíràn fọṣọ.”

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń to ìbọ̀sẹ̀ ní méjìméjì.

“Ìyá ọmọ kan sọ ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó fún mi. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi kọ́, Màámi.”

“Ṣé ìwọ lo sọ fún ẹni tó kọ ọ́?”

“Rárá, mà.”

Alágbàfọ̀ yí aṣọ ìbora náà. “Ta ni?”

“Mi ò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

“Mi ò ní kó o dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mìíràn ni mo fẹ́ bi ọ́. Nínú ilé yìí, ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde?”

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ronú kan ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ọlidé, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. “Ẹnu tèmi ni.”

Nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sọ ìyókù. Ó sọ ti Jẹ́jẹ́, ti kọ́là, ti súwẹ́tà. Ó sọ pé òun pe ilé ìfọṣọ ní ilé iṣẹ́. Alágbàfọ̀ fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, ó sì jókòó, ohun tí kì í ṣe lọ́sàn-án.

“Ṣé o mọ̀ pé èmi náà máa ń rí gbogbo rẹ̀?” ló wí. “Ogún ọdún ni mo ti ń fọṣọ. Mo mọ ẹni tó ń ṣàìsàn kí ó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Mo mọ ẹni tí wọ́n ti lé níbi iṣẹ́, tó ṣì ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láàárọ̀. Wọ́n ń kó o fún mi nítorí wọ́n rò pé ìdọ̀tí nìkan ni mo ń rí. Ẹyin lohùn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò sí bí a ṣe lè ṣa tíṣà yẹn jọ mọ́.”

“Ṣé kí n má kà á mọ́?”

“Ta ló ní kó o má kà á? Ojú rẹ nìyẹn, o ò lè yọ ọ́ sọnù. Ẹnu ni mò ń bá wí.” Ó dìde, ó ti wáyà padà. “O ò ní tú àpò mọ́ títí sáà yìí yóò fi parí. Yàrá ẹ̀yìn ni wàá wà. Aṣọ tó bá ti wọnú omi kì í sọ nǹkan púpọ̀.”

Ohun tí ìyá rẹ̀ kò ní kó ṣe ló lọ ṣe ní ọjọ́ Ajé. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn tíṣà. Tíṣà ìṣirò nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń máàkì ìwé.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú pátákó, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Àmọ́ ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ jáde, nílé, nígbà ọlidé. Ẹ má bínú, sà.”

Ó fi bírò sílẹ̀. “Kí lo rí gan-an lára aṣọ náà?”

“Òwú dúdú, sà. Lára bọ́tìnnì.”

Tíṣà wo etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀. Dúdú ni níbẹ̀ pẹ̀lú. “Mo rò pé kò hàn.”

“Ó hàn, sà.”

“Òwú funfun ni mi ò rí nílé.” Ó yí ọwọ́ náà, ó tún wò ó. “Ṣé ìyá rẹ ló rán ọ wá?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa. Padà sí kíláàsì.”

Ohun tó sọ kò jùyẹn lọ. Kò kó aṣọ padà wá sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ láéláé. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan lẹ́yìn afárá ló ń kó o lọ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Kò sì fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní máàkì tí kò tọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ èyí tó tọ́ sí i kúrò.

Jẹ́jẹ́ le ju tíṣà lọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá a níbi omi.

“Mo wá bẹ̀ ọ́ nítorí ohun tí mo ṣe.”

“Kí lo fẹ́ kí n fi ẹ̀bẹ̀ ṣe?”

“Mi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó o gbọ́ ni.”

“Mo ti gbọ́.” Jẹ́jẹ́ ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa. Ó rìn díẹ̀, ó sì yíjú padà. “Ẹni mẹ́ta ló wọ̀ ọ́ ṣáájú mi, kì í ṣe méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kejì wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta, ó sanra, kò gbà á mọ́. O ṣì í kà.”

“Ibo ni ìlà kẹta wà?”

“Kò sí ìlà. Ẹ̀gbọ́n mi yẹn kúrú bí èmi, wọn ò tú u.” Ó sì lọ.

Bí sáà yẹn ṣe parí kò dùn. Ẹni tó bá rò pé ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ yóò rí ẹgbẹ́ gbà lójú ẹsẹ̀, ó ti pẹ́ tí onítọ̀hún ti kúrò ní ilé-ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìsinmi ọ̀sán, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì mọ bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ìgbà kan wà tí ọmọ oníkẹ́míìsì ránṣẹ́ sí i pé kó wá ka aṣọ ọmọ tuntun kan, pé àwọn ti gbàgbé gbogbo ìjà. Ó ní òun kì í kà á níta mọ́. Kì í ṣe pé ó láyà. Ó rò pé tí òun bá dìde lórí òkúta yẹn, òun kò ní mọ irú ẹni tí òun yóò dà lórí bẹ́ńṣì ọ̀hún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi í nínú kíláàsì pé iṣẹ́ wo ni òbí kálukú ń ṣe, ó ní, “Màámi ń fọṣọ fún àwọn èèyàn.” Ọmọkùnrin kan pòṣé. Tíṣà pe ẹni tó kàn.

Ẹlẹ́rìn-ín ń kọjá lára rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń kí ara wọn bí àwọn ayálégbé tó jọ ń san owó omi kan náà.

Ní ìparí ọdún, wọ́n gbé akọ̀wé, ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú mìíràn. Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó, ó sì wá bá wọn di ẹrù. Ó ní kí àwọn ọmọ méjèèjì gbé mátíráàsì sọ̀ kalẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ di orí mú, Ẹlẹ́rìn-ín di ìdí mú, níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, ó há. Wọn kò lè tì í, wọn kò lè fà á. Mátíráàsì wà láàárín wọn, ọ̀kan kò rí èkejì.

“Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn,” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí láti òdìkejì.

“Mo mọ̀.”

“O ò dárúkọ mi.”

“Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Màámi mọ̀, kò sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹlẹ́rìn-ín ti mátíráàsì náà díẹ̀, kò lọ. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi. Nígbà tó o dìde yẹn, wọ́n wá ń wo èmi.”

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí, pé ẹni tó dìde ń fi ẹnì kan sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ó rò ó nísinsìnyí.

“Ṣé o bínú sí mi?”

“Mo bínú. Ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀.”

“Ṣé a ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́?”

“Mi ò mọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín. A ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rí. Ìyẹn dá mi lójú. Gbé apá tìẹ sókè, èmi á tẹ tèmi wálẹ̀.”

Ó gbé e sókè, mátíráàsì náà já gbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣubú. Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irú èyí tí ará òpópónà ń gbọ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà sì rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sán yẹn, ọkọ̀ lọ.

Wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ìkíni ń gba ẹnu ìyá wọn kọjá. Ọdún méjì ni Jẹ́jẹ́ fi ń wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí ó tó wá jókòó tì í lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé ìṣirò, tó ní kó ṣàlàyé nǹkan kan fún òun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń kàwé, títí wọ́n fi jáde. Kò jọ ti abẹ́ tábìlì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀kan kì í sì í fi èkejì ṣe òjìji. Jẹ́jẹ́ ló dúró tì í nílé ìwòsàn nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀.

Orúnkún ìyá kò jẹ́ kó lè dúró pẹ́ mọ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì gba ilé ìfọṣọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ara rẹ̀ kò pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́, ẹ̀rọ tuntun méjì ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn, obìnrin méjì ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà sọ pé kì í béèrè ohun tí kò kàn án.

Ní ọdún tó kọjá, Ẹlẹ́rìn-ín ní iṣẹ́ kan ṣe nítòsí, ó sì yà. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ nítorí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà méjèèjì mu tíì. Wọ́n sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sọ ti bí àwọn ìyá wọn ṣe ń ṣe, wọ́n sì sọ ti ọkọ Ẹlẹ́rìn-ín tó ń sùn nínú àga kó tó gbọ́ ìròyìn tán. Kò sẹ́ni tó dárúkọ tíṣà. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, Ẹlẹ́rìn-ín ní káwọn tètè máa lọ kí òjò tó dé, wọ́n dì mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti sọdá títì kí ó tó rántí pé òun kò tíì gba nọ́ńbà fóònù. Ó rán ọmọ rẹ̀ padà wá gbà á. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ ọ́ sórí bébà fún un, ó sì padà sídìí àpò ìrọ̀rí ogójì tí ilé ìtura kan fẹ́ gbà ní agogo mẹ́rin.